Lẹ́tà Inú Àpò

Iria, ìwọ lo ń wa hẹlikọ́pítà, èmi ni mo ń rọ̀ lórí okùn.
Mo fi ọdún méje jù ọ́, oyè rẹ fi òkè jù mí.
Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń lọ,
síbẹ̀ n kò mọ ojú rẹ tó bí mo ṣe mọ ohùn rẹ nínú akoto mi:
“Dúró, Celso. Ìgbì ńlá ń bọ̀. Ó yá, sọ̀kalẹ̀.”

Láti ibùdó wa ní Montijo a máa ń wo Lisboa lódìkejì odò,
bàálù akérò ń balẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni ń ka owó,
ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan.
Gaspar wà nínú ọ̀kan nínú wọn.
Ó ti bọ́ aṣọ ológun, ó ti so táì mọ́rùn.
Ó ní awakọ̀ èrò lòun, òun ò purọ́,
ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú òun ti padà di ọjọ́ Àìkú.
Ó ra wáìnì fún wa lọ́jọ́ tó sọ ọ́. A mu ún.
Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló burú.

Mo rántí òru Corvo,
erékùṣù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ láàrin agbami.
Deolinda ń rọbí, kò sí ọkọ̀ ojú omi tó lè gbéra.
Ẹ̀ẹ̀mejì lo yí padà nínú ìjì.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, o balẹ̀.
Òkè òkun la ti bí ọmọ náà,
èmi ni mo di orí rẹ̀ mú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n ju ti ìyá rẹ̀ lọ.
A ké sí ọ níwájú pé ọmọ ti dé.
O ní: “Ó dára. Epo wa ku ogójì ìṣẹ́jú.”

Òru yẹn náà ni Benedita rẹ ká eyín àkọ́kọ́.
Duarte fi eyín náà sínú ife, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.
Ojú rẹ pẹ́ lórí ife yẹn
ju bó ṣe pẹ́ lórí ọmọ tuntun.

Ẹyẹ àkọ̀ tẹ́ ìtẹ́ sórí òpó iná ẹnu ọ̀nà ibùdó.
Bàbá mi ní nígbà èwe òun, bí òtútù bá ti ń bọ̀,
gbogbo wọn a ré òkun kọjá lọ sí Áfíríkà.
Ọ̀pọ̀ wọn kì í lọ mọ́.
Oúnjẹ kún ààtàn ìlú, kí ni wọ́n tún ń wá lọ?
Mo sọ èyí fún ọ láti fi pa ọ́ lẹ́rìn-ín.
O bi mí pé: “Èwo ni mo jọ, èyí tó lọ, àbí èyí tó dúró?”
Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan kan sọ.

Ohun tí n kò sọ nìyí:
okùn kò dẹ́rù bà mí rí.
Ẹni tí yóò jókòó sí ìjókòó rẹ ló ń dẹ́rù bà mí,
ọmọdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, tó mọ̀wé dáadáa.
Òkun kì í kàwé.
Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe ẹrù rẹ.
Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹrù rẹ díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ apẹja kan dojú dé níwájú Peniche.
Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ wà nínú àpò àyà rẹ.
Mo fa ẹni mẹ́ta gòkè. Ọwọ́ mi kò tó ẹ̀kẹrin.
Nígbà tí a balẹ̀, o bá wa gbé arúgbó inú wọn,
omi ara rẹ̀ rin ọ́ gbindingbindin.
O yọ lẹ́tà náà jáde: tádà ti ṣàn,
orúkọ rẹ ti di àbàwọ́n búlúù.
O tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ amúlégbóná. Ó gbẹ, ó sì ká kò.

Ọjọ́ Ajé, mo rí ọ tí o lọ gba òmíràn ní ọ́fíìsì.
N kò bi ọ́ bóyá o ti kọ ọ́.
Mo tẹ́ okùn mi sórí tábìlì,
mo ń fọwọ́ tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, láti ìdí lọ sókè.