Ní Ibùdókọ̀, Gílásígò

Oṣù mẹ́ta ni mo fi lẹ ìwé mọ́ òpó,
mo kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: A Ń TÚN BÀTÀ ṢE.
Òjò Gílásígò kà á tán,
ó fi omi dáhùn.
Àwọn tó ń kọjá ní òpópónà ńlá,
bàtà wọn ń dán, wọn ò wolẹ̀.

Mosúnmọ́lá ní, "Ta lò ń pè gan-an?"
Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí abẹ́rẹ́ ìránbàtà.

Mo bá ń jí ní aago mẹ́rin,
mo gbé àpótí, awọ, òòlù kékeré,
mo lọ dúró níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń kó
àwọn tó fi òru dúró ti aláìsàn.
Ọjọ́ kìíní, wọ́n kí mi.
Ọjọ́ kejì, yìnyín.
Ọjọ́ kẹsàn-án ni obìnrin kan fara ti ògiri,
ó bọ́ bàtà ọ̀tún,
ó ní, "Ibí yìí ni."

Mi ò sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ wò,
mo fi awọ rírọ̀ tẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀.
Ó rìn dé kọ́nà, ó padà,
ó juwọ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìwé kan ṣì lẹ̀ mọ́ òpó níwájú báńkì.
N ò tíì lọ yọ ọ́.
Kí òjò máa kà á.