Wákàtí Tí Ovi Gbà

Ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ òwò ku oṣù mẹ́rin.
Ní Pune, òjò ń lu páànù,
Ketaki fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí páálí,
ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì:
aago mẹ́rin ìdájí, ìṣirò;
nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ báńkì, àyọkà méjì;
lálẹ́, lẹ́yìn abọ́ fífọ̀,
ìdá ọgọ́rùn-ún, bí ojú bá ṣì là.
Oorun? Kò rí àyè kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ kẹta, ó bá ọ̀dà pupa lórí aago méje:
OVI ÀTI MÀMÁ.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ti gba wákàtí kan
láìtọrọ.

Ketaki mú ìparẹ́,
ó wò ó, ó tún wò ó,
ó fi pa ìṣirò ọjọ́ Sátidé rẹ́.
Èyí tí mi ò bá mọ̀ níbẹ̀,
ẹ bi Ovi.