Alẹ́ Tí Mo Kó Lẹ́tà Kúrò Lábẹ́ Àtẹ̀gùn

Ọdún mọ́kànlá ni sáfà náà fi gbé abẹ́ àtẹ̀gùn
ní ọ́fíìsì awọnlẹ̀ Ọ̀jẹ́níyì, lẹ́yìn Tákíé, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
láàárín garawa ọ̀dà tó ti gbẹ àti ìgbálẹ̀ méjì.
Eruku ti hu irun sí i lára.
Ọmọńlé ti yé ẹyin sẹ́yìn fáànù rẹ̀.
Bó bá ń mí, ẹ ó rò pé
àgbàlagbà oníkọ́ fée kan ló sùn síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà méje ló ń tọ̀ ọ́ wá gba lẹ́tà,
títí kan ti Ìyá Moróunkẹ́jì, akọ̀wé,
tí kì í gba ohun tí kò sí lórí pépà gbọ́.
Ímeèlì tó bá wọlé, á tẹ̀ ẹ́ jáde,
á dá ihò sí i létí, á fi okùn so ó,
á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin.
A ti fi í rẹ́rìn-ín tó.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà, wọ́n lọ tán.
Ó ku èmi àti jẹnẹrétọ̀.
Mo bá sáfà tuntun tó wà lókèèrè sọ̀rọ̀.
Mo ní, "Ṣé àyè wà?"
Ó ní, "Àyè wà bí pápá."
Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn,
bí ẹni ń kó èèrà sọdá odò lórí ewé kan ṣoṣo:
lẹ́tà ààlà ilẹ̀ Ìkòyí-Ilé,
lẹ́tà ẹbí tí igi kaṣú méjì dá ìjà sílẹ̀ fún,
"Owó wa dà?" "Owó yín ń bọ̀,"
àti èyí tó pọn àwòrán ilẹ̀ ńlá sẹ́yìn,
tó ń mí hẹlẹ, tí kò lè yára.

Aago méjì òru, màǹgòrò já lu páànù, gbì!
Àyà mi já.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Epo ti tán.

Nígbà tí mo rí epo, tí gbogbo nǹkan tún jí,
mo kà wọ́n.
Ilé àtijọ́: ẹgbàárin ó lé irinwó ó lé méjìlá.
Ilé tuntun: ẹgbàárin ó lé irinwó ó lé mọ́kànlá.
Mo tún un kà.
Ọ̀kan ò dé.

Bí mo bá panu mọ́, ta ni yóò mọ̀?
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da ẹran ọlẹ́ran rí mọ̀
pé èyí tó sọnù gan-an ni wọn ó kọ́kọ́ béèrè.
Mo wá a títí ilẹ̀ fi mọ́.
Mo rí ọjọ́ tó wọlé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀
ti jẹrà sínú dísìkì, kò ṣeé kà mọ́.

Sátidé, Ìyá Moróunkẹ́jì wá bomi rin òdòdó rẹ̀.
Mo jẹ́wọ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó tú kọ́kọ́rọ́ ní ìṣẹ́tí ìró.
"Oṣù wo?"
"Oṣù kẹjọ, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn."
Ìka rẹ̀ ń rìn láàárín pépà
bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ.
Ó fà á yọ. Ìlà mẹ́ta péré:

*Ẹ kú iṣẹ́ o. A ti dé Ṣakí ní àlàáfíà.
Òjò ò bá wa lọ́nà.
A gbàgbé agbòjò aláwọ̀ ewé kan sọ́dọ̀ yín.*

Àwa méjèèjì wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó wọ awò ojú, ó fi ìka kan ṣoṣo
tún lẹ́tà náà tẹ̀ sínú ilé tuntun.
Mo kà wọ́n. Ó pé.
Lẹ́yìn náà ló kọ ìdáhùn, kò bi mí:
*Agbòjò yín ń bẹ. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.*
Ìyẹn ló kọ́kọ́ jáde níbẹ̀.

Mo yọ wáyà sáfà abẹ́ àtẹ̀gùn.
Èémí rẹ̀ fà, ó fà, ó tán.
Ọmọńlé yọ orí, ó wò wá
bí ayálégbé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún.