Ó Kàn Wá

Oṣù kẹrin ti wọlé, síbẹ̀ yìnyín ò tíì kúrò
lẹ́yìn ilé ìgbọ́kọ̀sí Casimir.
Ó ti dúdú, ó ti le, bí àlejò tó gbàgbé ọ̀nà ilé.
Adágún ńlá ń mí sí wa lọ́rùn láti ìsàlẹ̀ àdúgbò.
Ìlú Erie, alẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Àga ìpẹja la gbé yí tẹlifíṣọ̀n ká,
a na ẹsẹ̀ sí hítà kan tí ń wúkọ́.

Níbi tí wọ́n bá ti ń pín nǹkan, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú.
Níbí, ẹni tí wọ́n nà jù ni wọ́n ń pè síwájú àwo.
Ìdíje mẹ́tàdínlógún, a fìdí rẹmi nínú mẹ́tàlá.
Ìyà yẹn ló bí ipò keje fún wa,
a sì ń fi í yangàn.

Rozalia, awakọ̀ ilé-ìwé, ní ajubọ́ọ̀lù ni ká yàn,
ọmọ gbọọrọ kan láti Iowa
tí ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ bí ẹni ń ti lẹ́tà sábẹ́ ilẹ̀kùn.
Dewitt ní láéláé. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà kéré.
“Ìnṣì mẹ́sàn-án ó dín díẹ̀! Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?”
Dewitt ò mọ iye ìnṣì tí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ jẹ́.
(Ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́.)
Ògiri lòun fẹ́, ọmọkùnrin aláyà fífẹ̀
tí yóò dúró níwájú ajubọ́ọ̀lù, tí ẹnikẹ́ni ò ní kọjá.
“Kí la fẹ́ fi ògiri ṣe,” ni Rozalia wí,
“nígbà tí kò sẹ́ni nínú ilé?”

A mọ ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi sá ogójì yáàdì.
A mọ orúnkún tí dókítà ti là,
a mọ bàbá tó filé sílẹ̀.
Àwa tí a ò rí wọn sójú rí
ń la ẹnu wọn wo eyín, bí ẹni fẹ́ ra ẹṣin.
Ọmọ ogún ọdún. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.
Verna, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ò sọ nǹkan kan nípa orúnkún.

Casimir kì í bá wa jiyàn.
Ìwé kan wà lórí itan rẹ̀, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀,
orúkọ kan fún ọdún kan, àti ọ̀rọ̀ péréte:
Ó dáa. Orúnkún. Wọ́n tà á. Orúnkún. Ó di pásítọ̀.
Ìlà kan wà tó jẹ́ ọwọ́ Halina, ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ:
ó ní ọmọ yẹn lójú ẹni tí ń fọ abọ́ fún ìyá rẹ̀.
A rẹ́rìn-ín.
Ọdún mọ́kànlá ló fi gbá bọ́ọ̀lù fún wa.

Ìlú kẹfà yàn. Ògiri Dewitt ni wọ́n gbé lọ.
Dewitt ṣí fìlà.

Ó kàn wá.

Rozalia di ọwọ́ Verna mú.
Ọkùnrin oníkóòtù kan jáde sórí pèpéle, ó ní
wọ́n ti ta ipò wa:
ipò kẹtàlélógún ni wọ́n gbà dípò rẹ̀,
pẹ̀lú yíyàn kan lọ́dún tó ń bọ̀,
òmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e.
Wọ́n gba àgbàdo sísun lọ́wọ́ wa, wọ́n nawọ́ ebè ọ̀la sí wa.
Rozalia fi èdè Pólándì ìyá ìyá rẹ̀ ṣépè,
èyí tí kò gbọ́ ju èébú lọ nínú rẹ̀.

Casimir kọ ọdún sílẹ̀, ó fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.
Ó wá fa ìlà méjì sí i, díẹ̀díẹ̀, ó fi etí páálí tọ́ ọ kó má wọ́.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni.
Èmi ọkọ ọmọ rẹ̀ rí i, mo yíjú sí hítà.

“Ọmọ kan wà ní Georgia,” Dewitt bẹ̀rẹ̀,
“kò tíì pé ogún ọdún, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀...”
“Ìnṣì mélòó?” ni Rozalia bi í.