Ojú Títì Ni Mo Gbà

Ní Ìrójò, n'Íléṣà, lọ́jọ́ kejì òjò ńlá,
Fápọ̀hùndà ti alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ wá bá mi,
ẹrẹ̀ bò ó dé imú.
"Kò yí rárá."
Mo fẹsẹ̀ ta sítátà: gbọnin.
Bátìrì gbé iná. Epo wà.
"Ṣé ẹ ò gba inú odò?"
"Èmi kẹ̀! Ojú títì ni mo gbà."

Ó dáa.
Mo tú púlọ́ọ̀gì. Mo ní kó yẹra;
kò yẹra.
Mo tún fẹsẹ̀ ta á,
omi pupa tú ṣàà sí i láyà.
Ọmọṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Òjò ni," ó ní, ó ń nu irùngbọ̀n.
Mi ò jiyàn. Mo ṣí ìdí ẹ́ńjìnnì,
ọ́ìlì ń ṣàn bọ̀, ó funfun bí ògì.
Ó wò ó títí,
ó wá bẹ̀rẹ̀ sí mi létí:
"Ó mù mí dé itan."