Òórùn Tó Ń Bá Wa Délé ní Kúbúwà

Ìyá alákàrà la kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn.
Ní Bẹ́gà ni, iná pupa ti dá wa dúró,
eruku ọyẹ́ bo gíláàsì bí èlùbọ́,
ni Jọláadé ní, "Mọ́mì, ta ló ń dín nǹkan?"
Mo wòtún, mo wòsì.
Kò sí agbada, kò sí ààrò,
ọkọ̀ bíi tiwa ló tò bẹẹrẹ,
oníkálukú tilẹ̀kùn mọ́ òórùn tirẹ̀.

Tí a bá ń sáré, kò rùn.
Tí a bá dúró, ó dé,
bí àlejò tó mọ ìgbà tí ọbẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀.
Mo sọ gíláàsì sílẹ̀, ooru Àbújá wọlé tì í:
òórùn nínú, oòrùn lóde,
àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.
Mo ra lọ́fínńdà ọsàn kọ́ sí dígí.
Ó di ọsàn tí wọ́n dín.

Mo pe bàbá mi ní Ìlọfà,
àwọn ló fún mi lọ́kọ̀ náà lọ́dún tí wọ́n fẹ̀yìntì ní Mínà.
"Bàbá, ẹ ti tú ẹ́ńjìnnì yìí rí?"
"Èmi? Tíṣà Báọ́lọ́jì? Ọwọ́ mi ò kan ibẹ̀ rí.
Ṣáà máa wo ọ̀pá ọ́ìlì láràárọ̀."
Mo wò ó. Ó ń lọ sílẹ̀ bí owó oṣù,
kò sẹ́ni tó rí ibi tó ń gbà.

Mẹkáníìkì Dẹ́ídẹ́ì kò ṣí nǹkan kan.
Ó fimú fà á lẹ́ẹ̀kan, ó mirí:
"Ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹ lọ ra tọ́kúnbọ̀."
Ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ náírà!
Ọkọ̀ tó gbé mi lọ bímọ lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ní ẹ ṣé. Mo wakọ̀ kúrò,
òórùn jókòó sẹ́yìn.

Ndágí ni wọ́n wá júwe fún mi, ọmọ Bídà,
lẹ́yìn rélùwéè. "Sànnu, Hájíyà."
Mi ò dé Mẹ́kà rí, mo jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.
Kò béèrè owó, ọ̀rọ̀ ló béèrè:
ṣé ìgbà tó bá gbóná ni? Ṣé èéfín ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù?
Ó fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì wẹ ẹ́ńjìnnì náà
bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, ó nù ún gbẹ,
ó ní kí n tan án.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó dákẹ́.
Èmi náà dákẹ́.
Rélùwéè Kàdúná kọjá, kò gbójú sókè.

"Wò ó. Ó ń sunkún."
Lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, níbi tí rọ́bà ti gbẹ bíi kìlíṣí,
ẹ̀kán kan yọ, dúdú, kò kánjú,
ó ṣàn dé etí irin tí èéfín ń gbà jáde,
ṣìììì,
òórùn náà dìde níṣojú mi.
Wọ́n ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa
pé kéèyàn tó rí orísun rẹ̀
àfi kó kọ́kọ́ wẹ gbogbo ara mọ́.

Rọ́bà tuntun, ẹgbẹ̀rún méje. Iṣẹ́ ọwọ́, márùn-ún.
Bí Ndágí ṣe ń ha ti àtijọ́ kúrò,
ó gbé gọ́ọ̀mù pupa kan tó ti le lé mi lọ́wọ́.
"Mẹkáníìkì kọ́ ló fi èyí lẹ̀ ẹ́," ó rẹ́rìn-ín.
Ìtẹ̀ka àtàńpàkò wà lára rẹ̀,
àpá ọ̀bẹ là á já láàárín.
Mo mọ àpá yẹn.
Iṣu ni wọ́n ń gé fún mi lọ́jọ́ náà, ní Mínà.

Lọ́jọ́ kejì, iná pupa Bẹ́gà.
Jọláadé fimú fà á, ó ní, "Mọ́mì, ebi ń pa mí."
Bàbá pè. "Àyìnkẹ́, ṣé o ti rí ibi tó ń gbà jò?"
Mo ní rọ́bà ló gbẹ, Bàbá.
"Ẹ ò rí i? Ó dáa tí mi ò fọwọ́ kàn án."
Gọ́ọ̀mù náà wà nínú ihò dáṣíbọ́ọ̀dù,
pẹ̀lú rìsíìtì, àti bírò tí kò kọ̀wé mọ́.