Ẹni Tí Ń Ka Lọ́rì ní Ìpakódò

Rélùwéè ló rán bàbá mi wá sí Ìkòròdú,
ìlú tí rélùwéè kò dé.
Wọ́n fún un ní àga, agbòòrùn dúdú kan,
léèdì mẹ́fà, àti ìwé aláwọ̀ eérú
tí wọ́n fi ìlà pín sí mẹ́rin:
kí ló gbé, níbo ló ti ń bọ̀,
èló ni wọ́n gbà, ta ló ni ín.
"Jókòó sétí omi, Jeremáyà. Máa kà."

Ó kà á.
Kòkó láti Ìjẹ̀bú-Òde, àpò mẹ́rìnlélógún.
Ẹkùrọ́ láti Ṣàgámù. Kòkó. Kòkó.
Láti Ìbàdàn pàápàá, níbi tí ọkọ̀ wa ti ń fọn fèrè láràárọ̀,
kòkó gba orí títì sọ̀kalẹ̀, eruku pupa lára àpò,
ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì,
ó di Èkó kí oòrùn tó kan àtàrí.
Ẹrù kan náà, lórí irin, ọjọ́ mẹ́ta:
ọjọ́ kan fún ìwé, ọjọ́ kan fún ìdúró,
ọjọ́ kan fún ìrìn.

Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí; mo ń bá a gbẹ́ ẹnu léèdì.
Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò kúkú dín owó.
Ó ní, "Wò ó,
ọ̀kẹ́ àìmọye pọ́ùn ni wọ́n yá ní Lọ́ńdọ̀nù
láti fi tẹ́ irin yẹn. Èlé rẹ̀ kì í sùn,
kì í bèèrè bóyá kòkó so.
Ọkọ̀ kún, yóò gbowó; ọkọ̀ ṣófo, yóò gbowó.
Irin tó bá jẹrà, àwa la ó pààrọ̀ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n Sáńní Ọ̀kúnúgà tó ń bọ̀ yìí,
ta ló ń bá a tún títì ṣe?
Èmi ni. Owó orí ìyá rẹ àgbà ni."

Sáńní sì dé lóòótọ́,
lọ́rì rẹ̀ ń wúkọ́ bí àgbà tó fa tábà yó,
ỌLỌ́TẸ̀ Ẹ KÚ IṢẸ́ gàdàgbà níwájú orí rẹ̀.
Ó ra ọsàn tọ́rọ́, ó ju méjì sí wa.
"Akọ̀wé, kọ mí dáadáa o!
Kọ ọ́ pé ẹnu ọ̀nà olóko ni mo ti gbé e.
Ọkọ̀ tiyín, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á rẹrù lọ bá a;
èmi, mo máa ń lọ kí ẹrù nílé ni."
Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́.
Ṣílè mẹ́jọ, ó dín sísì.

Lálẹ́, ó ń ṣírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà.
Ó dàbí ẹni tí wọ́n ní kó wọn pósí,
tó wá rí i pé gígùn rẹ̀ bá òun mu.
Mo fẹ́ kó purọ́.
Àpò mẹ́wàá péré, bàbá, bí ẹ bá fò ó ńkọ́?
"Ẹni tí a gbé ìwọ̀n fún kì í fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n gé owó ẹrù láti Ìbàdàn.
Lọ́rì gé tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì;
Sáńní ní òun lè jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́.
Rélùwéè kò lè fi ebi pa èlé.
Wọ́n ní àwọn yóò fòfin de ọ̀nà. A ń retí òfin,
lẹ́tà ló dé, láti Èbúté-Mẹ́tta:
nítorí ìṣirò pípéye tí ìwọ fi ránṣẹ́,
a ó dín òṣìṣẹ́ kù.
Orúkọ rẹ̀ wà ní ìlà kọkànlá.

Ìwé náà wà lọ́dọ̀ mi. Ikán ti jẹ etí rẹ̀.
Ojú ewé ìkẹyìn, ọjọ́ Sátidé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n:
Lọ́rì Ọ̀kúnúgà. Ó ń padà sókè, sí Ìjẹ̀bú-Òde.
Èrò mẹ́ta: ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé kan.
Ẹrù: àpótí kan, ìkòkò mẹ́ta, ẹní.
Níbi tí a ti ń kọ iye tí wọ́n gbà,
ó kọ ọ́ pé: Kò gba kọ́bọ̀.